Àkísà Tí Mo Fi Dí Ihò Kọ́bọ́ọ̀dù

Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn fún mi! Mo ní kẹ́ ẹ pa á! Gbogbo yín, ọmọ àti ọmọṣẹ́, jókòó síbẹ̀ ẹ̀ ń pàtẹ́wọ́, ẹ̀ ń ní, "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ké, àfi bíi pé òótọ́ ni." Òótọ́ mà ni, ẹ̀yin ọmọ mi. Òótọ́ lọmọ yẹn ń ké, èmi bàbá yín sì mọ̀. Dókítà ti ní ẹ̀dọ̀fóró mi ò lè bá mi dé ìparí ọdún yìí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ á bá a. Òní lọjọ́ náà, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ lọ pe Bàbá Káfíńtà wá. Ẹ fún wọn lága tó dáa.

Ẹ mọ eré náà: àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n ń rí òkú, tí iwin kan ń jí wọn gbé lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mò ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Ní apá kejìlá tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, iwin ti ọmọbìnrin kan mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ọmọ náà sì ń ké pe ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló ṣe é. Tíńtín la máa ń pè é torí ó tín-ín-rín. Bàbá Káfíńtà ló kan kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n lu ihò mẹ́fà sẹ́yìn rẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé, wọ́n sì fi ìkọ́ sínú, tọ́mọ náà lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fi hàn án. "Ọmọ mi, tó bá ti sú ẹ, fà á báyìí."

Wàhálà tèmi ni pé ìkọ́ yẹn ń dún, ariwo ọkọ̀ ojú títì sì ń gba inú ihò wọlé sínú maíìkì mi. Ta ló yẹ kí n sọ fún? Ṣebí ẹni tó kàn án ni! Ṣùgbọ́n ìgbéraga ò jẹ́. Èmi ọ̀gá ohùn, kí n wá máa bẹ káfíńtà! Nígbà tí wọ́n lọ jẹun ọ̀sán, mo fa àkísà ya, mo kì í bọ ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo sì fi èyí tó kù há ẹ̀gbẹ́ ìkọ́ kó má baà dún mọ́. Mi ò sọ fẹ́nì kankan.

A bẹ̀rẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, bí kámẹ́rà bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yanu títí olùdarí á fi ní ó tó. Tíńtín ké, "Màmá mi o!" bó ṣe wà nínú ìwé. Olùdarí mi orí pé ó dáa. Ó tún ké. Lẹ́yìn ìyẹn, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ débi pé èmi nìkan tí mo dé ẹ̀rọ sétí ló lè gbọ́ ọ: "Bọ̀ọ̀dá Olóhùn, kò ṣí o. Ẹ gbà mí, mi ò lè mí." Bọ̀ọ̀dá Olóhùn! Ṣé ìyẹn wà nínú ìwé? Èmi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀! Ó mọ̀ pé mò ń gbọ́ òun. Ẹ wá wo ohun tí èmi ìkà èèyàn ṣe: mo yí ẹ̀rọ sókè. Mo ní irú ohùn báyìí, èèyàn kì í rí i lẹ́ẹ̀mejì. Mò ń gbọ́ ọ títí tó fi dákẹ́.

Olùdarí ní ó tó, ọmọ náà ò jáde. Ìgbà tí wọ́n fi máa já ìlẹ̀kùn, ó ti dákú. Kò kú, ọpẹ́lọpẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n títí dòní kò lè sùn nínú yàrá tí wọ́n tilẹ̀kùn rẹ̀. Bí gbogbo wọn ṣe ń sáré gbé e jáde, èmi ń fa àkísà yọ, mò ń kì í sápò. Mo sì gé orúkọ mi kúrò nínú ohùn náà.

Ẹ dúró, ibẹ̀ kọ́ ló ti burú jù. Lọ́jọ́ kejì, olùdarí kó gbogbo wa jọ, ó ní iṣẹ́ jákujàku káfíńtà ló fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Bàbá yìí yíjú sí mi níwájú gbogbo èèyàn. "Bọ̀ọ̀dá Olóhùn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dé ẹ̀rọ sétí, ẹ jọ̀ọ́, kí lọmọ yẹn sọ níbẹ̀?" Mo wò wọ́n lójú kòró. Mo ní, "Mi ò gbọ́ nǹkan kan ju tinú ìwé lọ." Wọ́n lé wọn níṣẹ́. Ìgboro sọ wọ́n ní Akanpósí, kò sẹ́ni tó jẹ́ gbé iṣẹ́ ìlẹ̀kùn fún wọn mọ́. Èmi ńkọ́? Olùdarí aláìnítìjú yẹn gbé apá náà jáde, wọ́n sì fún mi ní àmì-ẹ̀yẹ torí ẹkún yẹn! Ìránù! Mo gbà á, mo tún ń rẹ́rìn-ín fún kámẹ́rà.

Ẹ dákẹ́ ariwo, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí Bàbá ń sọ. Wọ́n ní ọdún mọ́kàndínlógún làwọn fi ń tú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn palẹ̀ lọ́kàn, táwọn ń wá ibi tọ́wọ́ àwọn ti ṣì.

Bàbá, ọwọ́ yín ò ṣì níbì kankan. Mo tọrọ àforíjì, àmọ́ tó bá jẹ́ èébú lẹ fẹ́ bú mi, ẹ bú mi kí n gbọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, bí èèyàn bá ké, ẹ kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn ná. Iṣẹ́ tó bá máa bàjẹ́, kó bàjẹ́.

Wọ́n ti dìde. Ẹ má dá wọn dúró, ẹ má sì bá mi bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ sọ fún ìyàwó àwọn.