Ògiri Tí Mo Kọjú Sí ní Pópó Àgùdà

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ bá mi gbé Ọba tó mọ ìdí ohun gbogbo ga. Láti Mọ́ńdè Àjíǹde ni àyà mi ò tíì balẹ̀.

Àwọn àgbà inú yín á rántí mi. Kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀, èmi ni kípà tí gbogbo Èkó ń pè ní Ọlọ́wọ́-Àtè, torí bọ́ọ̀lù kì í bọ́ lọ́wọ́ mi. Bí mo bá gba Ìta Fájì kọjá, àwọn ọmọdé á tò tẹ̀ lé mi. Àmọ́ ayé ò tọ́ lọ bí ọ̀pá ìbọn. Orúnkún mi yẹ̀, bọ́ọ̀lù parí, mo di pẹ́ńtà tó ń kun ilé onílé.

Iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí. Ẹnì kan á dúró sábẹ́ àkàbà mi, á ní ṣé Ọlọ́wọ́-Àtè kọ́ nìyí, á wá mirí bí ẹni tó wá kí olókùú. Bí èrò bá ti pọ̀, ògiri ni mo máa ń kọjú sí. Mo gbààwẹ̀ títí, mo ní kí Olúwa mú ìtìjú yìí kúrò. Kò mú un kúrò. Mo bínú sí I gan-an, kí n má parọ́ nínú ilé Rẹ̀.

Ní Mọ́ńdè Àjíǹde yẹn, mo ń kun ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ní Pópó Àgùdà, nítorí onílé ń retí àlejò. Kàrẹ́tà wá ń bọ̀, àwọn oníjó tó dé ìbòjú, tó wọ aṣọ aláràbarà, tàwọn ti fèrè. Gbogbo àdúgbò tú síta, gbogbo ojú wà ní títì. Èmi yára kọjú sí ògiri.

Bí mo ṣe gbójú sókè báyìí, mo rí ọmọdébìnrin kan tó gun igi tí wọ́n fi dábùú fàráńdà òkè, kó lè rí Kàrẹ́tà. Igi náà ti jẹrà. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, títì lòun náà ń wò. Igi dá.

Ẹ̀yin ará, n kò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Orúnkún tí kò jẹ́ kí n sáré mọ́! Mo kàn rí i pé mo ti fẹ̀yìn balẹ̀, ọmọ wà láyà mi, ó ń ké, àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì tó kún fún ọ̀dà ti hàn ní funfun lára aṣọ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni èrò tó yíjú.

Ìyá rẹ̀ sáré sọ̀ kalẹ̀, gèlè ti bọ́ lórí rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Bùrọ̀dá, ta lẹ jẹ́?"

Mo lanu. Orúkọ àtijọ́ yẹn ò wá. Mo ní, "Pẹ́ńtà yín ni mí."

Ká ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà mi ni, èmi náà ì bá máa wo títì, ọmọ yẹn ì bá sì ti kú. Ìyá rẹ̀ ní òun ò ní fọ aṣọ náà láéláé. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi fògo fún Un. Lọ́la, mo ń padà lọ parí ògiri yẹn.