Gbàǹjo Orúkọ Sàudátù

Orúkọ Ọba tó ń rí ọjà gbangba, tó sì ń rí ọjà kọ̀rọ̀, ni mo fi yanu. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa, ẹni tó ṣòwò láyé tí kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ẹ kú ìjókòó. Ẹ sún mọ́ra díẹ̀, kí àwọn tó dúró nínú oòrùn lè ríbi wọlé.

Ọ̀rọ̀ nàjáṣì ni mo gbé wá. Kí ni nàjáṣì? Òun ni kéèyàn gbé ọjà sórí àtẹ, kó tún fi ẹlòmíràn tí kò fẹ́ ra nǹkan kan ṣe bí oníbàárà, kó máa dá owó gíga lé ọjà ọ̀hún, kí oníbàárà tòótọ́ lè fi kún tirẹ̀. Ànábì kọ̀ ọ́ fún wa. Kò fi pamọ́, kò sọ ọ́ lówe. Mo rí ẹ̀yin ọ̀dọ́ kan tó ti ń fajú ro: "Àáfà tún ti dé o, òwò orí ayélujára tá a fẹ́ fi jẹun ni wọ́n tún fẹ́ kọ lù." Ẹ fara balẹ̀. Ẹni tó ra nǹkan pọ́ọ́kú, tó tà á lówó gọbọi, mi ò bá a jà. Èrè ni. Irọ́ ni mò ń bá jà, àti àwọn aláìnítìjú tó ń fi irọ́ jẹun.

Ọkùnrin kan wà nílùú kan tí kò jìnnà síbí. Bádírù ni n ó máa pè é. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Gbogbo orúkọ tẹ́ ẹ máa gbọ́ lónìí, èmi ni mo ṣẹ̀dá wọn, torí ara ò gbọdọ̀ ta ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn. Iṣẹ́ Bádírù ni kó máa ra orúkọ ìkànnì. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má jẹ́ kó rú yín lójú. Ẹni tó bá fẹ́ ní ìkànnì lórí ayélujára, àfi kó ra orúkọ táwọn èèyàn máa tẹ̀ kí wọ́n tó débẹ̀. Ẹnì kan ló ń ni orúkọ kan. Tí kò bá tíì sẹ́ni tó mú un, pọ́ọ́kú ni. Tẹ́nì kan bá ti ṣíwájú rẹ mú un, ó di kó o lọ bẹ onítọ̀hún kó tà á fún ọ.

Bádírù wá ń ṣọ́ àwọn tó gbàgbé láti san owó tí wọ́n ń san lọ́dọọdún lórí orúkọ tiwọn. Bí wọ́n bá ti gbàgbé báyìí, ó ti hán an. Á gbé e lọ sí gbàǹjo orí ayélujára, níbi táwọn èèyàn ti ń fi owó lé owó títí àkókò á fi pé, tí ẹni tówó rẹ̀ ga jù á sì gbé e lọ. Títí débẹ̀, ẹ jẹ́ ká ní kò burú. Àmọ́ Bádírù tún fi orúkọ Mújídátù, ìyàwó rẹ̀, sílẹ̀ níbẹ̀ bí oníbàárà. Mújídátù tí kò fẹ́ ra ohunkóhun! Tí oníbàárà gidi bá ti fowó lé ọjà, Bádírù á mú fóònù ìyàwó rẹ̀, á fi tiẹ̀ lé e. Onítọ̀hún á rò pé wọ́n fẹ́ gba nǹkan mọ́ òun lọ́wọ́, á tún fi kún un. Ohun tó fi kọ́lé nìyẹn. Ìyẹn náà ló fi ra jàlàbíà funfun tó ń wọ̀ wá sí sáàfù kìíní, ìlà iwájú pátápátá ní mọ́sáláṣí.

Ní Jímọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n kírun tán, lèmọ́mù ní káwọn èèyàn dúró gbọ́ ìkéde. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ àsàlátù ti kọ́ ilé ìgbẹ̀bí sílùú. Ìyá Àdínì, olórí wọn, ló kó wọn jọ, torí obìnrin kan rọbí nílùú náà, wọ́n ń gbé e lọ sílùú kejì, ó kú sójú ọ̀nà tòun toyún. Sàudátù lorúkọ rẹ̀. Ilé Ìgbẹ̀bí Sàudátù ni wọ́n sọ ilé náà. Wọ́n ti tẹ kàlẹ́ńdà, wọ́n ti fi ránṣẹ́ sáwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun pé ìkànnì tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ ni kí wọ́n ti máa fowó irinṣẹ́ ránṣẹ́.

Ẹ̀yin ẹlẹ́gbẹ́ àsàlátù, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà mọ ara yín! Ìpìlẹ̀ ilé ò ní tíì jáde nílẹ̀, fọ́tò àwọn olóyè ẹgbẹ́ á ti wà lára ògiri. Kàlẹ́ńdà ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Wọ́n kọ ìkànnì sí kàlẹ́ńdà, wọ́n pín in káyé, kò sì sẹ́nì kankan nínú wọn tó tíì ra ìkànnì náà.

Bí lèmọ́mù ṣe pe orúkọ yẹn, Bádírù yọ fóònù lábẹ́ jàlàbíà. Nínú ilé Ọlọ́hun! Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà bó ṣe ká a fún àtàyá, ìjókòó ìparí ìrun. Ó wò ó, ó rí i pé kò sẹ́ni tó mú un, ó sì rà á lójú ẹsẹ̀. Owó tó san kò ju owó adìyẹ kan lọ. Àwọn èèyàn ń ṣe àmín fún ilé ìgbẹ̀bí, òun ń tẹ fóònù.

Ẹ ẹ̀ tíì gbọ́ nǹkan kan. Ta ni Sàudátù? Ẹ̀gbọ́n Bádírù ni. Ìyá kan náà ló bí wọn, Sàudátù ló sì pọ̀n ọ́n dàgbà. Ìyá tó bí wọn ṣì wà láyé, Ìyá Sàudátù ni gbogbo ìlú sì ń pè é, torí òun làkọ́bí. Orúkọ tí wọ́n fi ń pe ìyá tó bí i lọ́mọ ló lọ rà bí ẹni ra ẹrù òkìrìkà. Tùú! Kí Ọlọ́hun ṣàánú wa.

Nígbà tó délé, ó fi ohun tó rà han Mújídátù, Mújídátù sì kìlọ̀ fún un. Obìnrin náà sọ ọ́ o, ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀.

"Bàbá Lúbábá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ìyá yìí kọ́ lẹ máa ṣe báyìí sí."

"Àwọn tó wà lókè òkun ló máa san án. Kí ló kàn ọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ti kú. Kí ló fẹ́ fi ìkànnì ṣe lọ́run?"

Ẹ gbọ́ ẹnu! Ó fi orúkọ òyìnbó kan bojú, ó sì gbé Sàudátù sórí gbàǹjo.

Àwọn ìyá wá fẹ́ ṣí ìkànnì wọn, wọ́n bá a níbẹ̀ pé ó wà fún títà. Ariwo ta. Ta ni wọ́n máa sáré lọ bá? Ta ló mọ òwò yẹn nílùú? Ìyá Sàudátù fúnra rẹ̀ ló dìde, ó di ilé ọmọ rẹ̀.

"Bádírù, ọmọ mi, ẹnì kan ti gbé orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ sórí àtẹ. Ìyá Àdínì ń sunkún. Mo ní kó má sunkún mọ́, pé ọmọ mi ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Ọkàn mi balẹ̀ bí mo ṣe ń bọ̀."

"Ẹ̀-ẹ́n? Ta ló lè ṣe irú ìyẹn, Ìyá?"

"Ẹ̀dá burúkú ni. Ẹgbẹ́ ò ní kọ́bọ̀ mọ́, páànù ti gbé gbogbo ẹ̀ lọ. Owó Mẹ́kà mi wà. Èmi ni n ó rà á. Ọmọ mi ló lorúkọ."

Owó Mẹ́kà yẹn, ọṣẹ dúdú ló fi kó o jọ. Éérú ti jẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kò lè di ọwọ́ méjèèjì pọ̀ dáadáa mọ́. Ẹ̀yin èèyàn, ẹ bá mi dá a lóhùn, kí ló yẹ kí ọmọ sọ? "Ìyá, ọ̀dọ̀ mi ló wà, ẹ gbà á." Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Tójú bá tiẹ̀ ń tì í, kò ha lè purọ́ pé òun ti bá wọn gbà á? Irọ́ yẹn ìbá sàn!

Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ jókòó, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n bá yín fowó lé e."

Ó jókòó sórí àga. Fóònù kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ló fi ń bá ìyá rẹ̀ rajà. Fóònù Mújídátù wà lábẹ́ ìrọ̀rí, ìyẹn ló fi ń bá ìyá rẹ̀ du ọjà. Ọjà sì rèé, tirẹ̀ ni. Ìyá jókòó níwájú rẹ̀, ó ń fa tẹ̀súbáà. Mújídátù dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ìrọ̀rí.

"Ó ti bọ́ sí wa lọ́wọ́, Ìyá. Háà! Ẹnì kan tún ti fowó lé e."

"Fi lé e, ọmọ mi."

"Ẹni yẹn ò gbà o, Ìyá. Ó tún ti gòkè."

"Kí ni Sàudátù ṣe fún onítọ̀hún? Fi lé e."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ títí owó Mẹ́kà fi tán. Ó yẹ kí ẹ̀dá dúró níbẹ̀. Ẹranko á dúró níbẹ̀! Bádírù ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí.

"Ìyá, ó tún ti jù wá lọ."

Ìyá gbé tẹ̀súbáà sílẹ̀. Ó ní, "Owó likáfánì mi wà nínú àpótí. Tí mo bá kú, ẹ̀yin ọmọ á wá nǹkan wé mi. Fi lé e."

Ó fi lé e. Ó wá yọ ọwọ́ lábẹ́ ìrọ̀rí. "Ìyá, ó ti di tiwa."

Ìyá náà foríkanlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ń sunkún ayọ̀. Nígbà tó dìde, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ tí éérú ti jẹ sókè, ó ní, "Ọlọ́hun, Bádírù bá mi gba ọmọ mi padà, má jẹ̀ẹ́ kí òun náà sọnù. Ìyá Lúbábá, sún mọ́ wa, ká jọ ṣe é. Ẹni tó ta orúkọ òkú ọmọ mi fún mi, tó gba owó Mẹ́kà mi, tó gba owó likáfánì mi, Ọlọ́hun, má jẹ̀ẹ́ kó fi jayé. Gbogbo ohun tó fi rà, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá ń wá ẹni tó máa ṣàánú rẹ̀, má jẹ̀ẹ́ kó rí. Ẹ ṣe àmín."

Mújídátù ṣe é, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Bádírù, n ò gbóhùn rẹ."

"Àmín, Ìyá."

Ó ṣe é! Ó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe é. Ṣé ẹ mọ̀ pé kò sí gàgá kankan láàárín àdúà ẹni tí wọ́n ṣàbòsí sí àti Ọlọ́hun? Ẹ̀yin kan ń retí kí n sọ pé ilé rẹ̀ jó, tàbí pé ojú rẹ̀ fọ́. Mi ò ní purọ́ fún yín nídìí wáàsí. Kò tíì sí nǹkan kan tó ṣe é. Ó ń jẹ, ó ń mu, ó sì tún ti sanra sí i. Ẹni tí kò sinmi ni Mújídátù. Òun ló wá bá mi, òun ló sọ gbogbo ẹ̀ fún mi. Ó béèrè pé, "Àáfà, èmi náà ṣe àmín, mo sì mọ̀. Ṣé ó kàn mí?" Mo ní kó lọ sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ìyá náà ṣì wà láàyè. Ẹnu tó ṣàdúà yẹn ṣì lè bẹ Ọlọ́hun pé kó fojú fò ó. Tí wọ́n bá fi lè sin ìyá náà láìjẹ́ pé ọmọ rẹ̀ jẹ́wọ́, tó dá owó rẹ̀ padà, mi ò mọ ẹni tó tún máa bá a bẹ̀bẹ̀.

Ìyá yẹn ti darúgbó o. Láìpẹ́ yìí ni mo kí i, ó ń húkọ́.

Ẹ gbé ọwọ́ yín sókè. Ọlọ́hun, fọ òwò wa mọ́. Má jẹ̀ẹ́ ká jẹ ẹran ara òkú wa, má jẹ̀ẹ́ ká jẹ òógùn ìyá wa. Tọ́ wa sọ́nà tó máa gbé wa dé ọ̀dọ̀ Rẹ láìsí ìtìjú. Ẹ ṣe àmín, gbogbo yín. Ṣùgbọ́n ìwọ tó o jókòó ní sáàfù kìíní níbẹ̀ yẹn, tó o ti ń la àágùn látàárọ̀, pa ẹnu rẹ dé ná. Dìde, lọ bá ìyá rẹ, kó o tó tún ṣe àmín níbí.