Ìgò Sáké Tí Mo Fi Se Ẹran Ewúrẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìkà ni mí. Ẹ má tíì máa tù mí nínú, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí mo ṣe ná.

Nọ́ọ̀sì ni mí, Accokeek lókè òkun níbí la sì ń gbé. Bàbá arúgbó ará Japan tó múlé tì wá ló kọ́ ọkọ mi ní mímu sáké, ọtí ìrẹsì ilẹ̀ wọn. Ife kékeré ni wọ́n fi ń mu ún, pẹ̀lú ẹja tí wọ́n fi iyọ̀ nìkan yan. Èèyàn kì í bu fún ara rẹ̀, ẹlòmíràn ló ń bu fún un, ọwọ́ méjèèjì sì ni Bàbá fi máa ń bu tèmi. Ọkọ mi ńkọ́? Ó ti di ọ̀gá! Lọ́jọ́ kan tí mo ti ibi iṣẹ́ wákàtí méjìlá dé, tí mo gbé ọbẹ̀ onírú mi jókòó ti òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nídìí sáké, ó sọ lójú wọn pé, "Jọ̀ọ́, gbé plate ẹ lọ sí kitchen. Irú yẹn ń ba taste sáké jẹ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Orí ìdúró ni mo ti jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì, mo sì di ọ̀rọ̀ náà sínú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọkọ mi gbé ìgò sáké kan sínú fìríìjì, ó ní kí n má fọwọ́ kàn án títí di Sátidé. Kò sọ ibi tó ti rí i, n kò sì béèrè. Bó ṣe jáde lọ ra ẹja ní Sátidé ni mo da gbogbo rẹ̀ sórí ẹran ewúrẹ́, mo fi ata rodo àti irú sí i. Nígbà tí ẹran jinná, mo da omi ẹran nù pátápátá, kí ẹ̀kán má bàa kù fún un. Obìnrin Yorùbá wo ló ń da omi ẹran nù? Èmi ni!

Ọkọ mi ra ẹja dé, Bàbá náà dé, ó wọ kóòtù dúdú. Mo gbé ẹran àti òfìfo ìgò kalẹ̀, mo sọ fún ọkọ mi pé, "Daddy Mídé, sáké yín rèé, mo ti fi se goat meat. Oya, ẹ máa jẹ ẹ́!" Èmi nìkan ni mo ń rẹ́rìn-ín. Bàbá gbé ìgò náà, ó wò ó títí, ó wá ṣàlàyé fún mi jẹ́jẹ́. Òun ló fún ọkọ mi ní ìgò náà. Ẹ̀gbọ́n òun ló pọn ọtí náà kó tó kú, wọ́n ti ti ilé ìpọntí rẹ̀ pa, ìgò kan ṣoṣo tó kù láyé nìyẹn. Ọjọ́ náà ló pé ọdún kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú, ìdí nìyẹn tí wọ́n ṣe fẹ́ mu ún. Ó bi mí bóyá omi ẹran náà ṣì wà. Mo ní mo ti dà á nù. Ó mú ẹran kan, ó jẹ ẹ́ tán, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ó dùn, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọkọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyẹn kò dùn mí, ó tọ́ sí i. Àmọ́ kí ni Bàbá fi ṣe mí? Wọ́n máa ń ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ẹni tí ì bá pọn òmíràn ti kú! Láràárọ̀ tí mo bá ń wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́, Bàbá ṣì ń tẹrí ba kí mi látẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, kí ni kí n wí fún un?