Onígbàjámọ̀ Tó Lọ Gba Àmì Ẹ̀yẹ Ìyàwó Rẹ̀

[Fóònù ń dún. Wọ́n gbé e.]

ỌKỌ: Hẹ́lò! Mọ́mì, kú iṣẹ́ o, ọ̀gá àwọn ọ̀gá —

ÌYÀWÓ: Ẹ kú ìjókòó, Dádì. Ẹ sọ ọ́ kíá, ọwọ́ mi dí.

ỌKỌ: Àwọn ọmọ ńkọ́?

ÌYÀWÓ: Wọ́n wà lọ́dọ̀ Màmá. Kí ló ṣẹlẹ̀?

ỌKỌ: Kò sí nǹkan kan. Gbọ̀ngàn yìí tutù bí inú fíríìjì, kóòtù tó o ní kí n wọ̀ sì há mi lábíyá. Ìyẹn náà kọ́. Ṣé o gbọ́ mi?

ÌYÀWÓ: Mo gbọ́ yín.

ỌKỌ: Wọ́n so káàdì kan mọ́ mi láyà. Wọ́n kọ "Ọ̀gá Ẹ̀ka Kọ̀ǹpútà" sí i.

ÌYÀWÓ: Káàdì mi nìyẹn. Mo ní kẹ́ ẹ jókòó sípò mi, kẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́, kẹ́ ẹ jẹun, kẹ́ ẹ máa bọ̀ nílé.

ỌKỌ: Mo jókòó. Mo pàtẹ́wọ́. Mo jẹun. Ṣùgbọ́n wọ́n rò pé èmi ni ìwọ.

ÌYÀWÓ: Ẹ̀yin ni — kí ni?

ỌKỌ: Èmi ni ìwọ! Wọ́n gbà pé èmi gan-an ni ọ̀gá kọ̀ǹpútà tí wọ́n fẹ́ fún ní award.

ÌYÀWÓ: Ẹ ò sọ fún wọn pé onígbàjámọ̀ ni yín?

ỌKỌ: Wọn ò bi mí. Ọkùnrin kan tí táì fẹ́ fún lọ́rùn pa ló bi mí pé kí ni èrò mi nípa cloud. Mo ní tó bá ti ṣú báyìí, kéèyàn tètè lọ ká aṣọ tó sá sóòrùn.

ÌYÀWÓ: Yéè!

ỌKỌ: Ó kọ ọ́ sílẹ̀! Obìnrin kan náà ní kí ni strategy mi. Mo ní, "Màdámù, ẹ gé ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀, ẹ dín ẹ̀yìn kù, ẹ má fọwọ́ kan iwájú títí oníbàárà á fi ní ó tẹ́ òun lọ́rùn." Gbogbo tábìlì ló pàtẹ́wọ́ fún mi.

ÌYÀWÓ: [ẹ̀rín] Ẹ máa pa mí lọ́jọ́ kan. Dádì, mo gbọ́dọ̀ lọ —

ỌKỌ: Dúró ná. Kí ló ń hó gùùù lẹ́yìn ẹ yẹn?

ÌYÀWÓ: Fáànù ni.

ỌKỌ: Fáànù báwo? Yàrá server, ti kọ̀ǹpútà ńlá yín, tó o máa ń wọ súwẹ́tà wọ̀?

ÌYÀWÓ: AC ibẹ̀ ti kú.

ỌKỌ: Ó kú? O ní o kàn fẹ́ yà wo nǹkan kékeré kan lọ́fíìsì.

ÌYÀWÓ: Òun ni nǹkan kékeré ọ̀hún. Server ti gbóná débi pé èèyàn lè lọ aṣọ lórí ẹ̀. Mo ti tú ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sílẹ̀. Mo gbé fáànù akọ̀wé, mo gbé fáànù ẹnu ọ̀nà, mo tún fi páálí lé e, mò ń fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ iná. Wíìgì mi wà lórí àga. Bàtà mi, mi ò mọ ibi tó wọlé sí.

ỌKỌ: Ìyẹn ni pé tó bá kú —

[Ariwo. Ohùn ń já.]

ỌKỌ: Hẹ́lò? Ṣé o gbọ́ mi?

ÌYÀWÓ: — gbogbo ilé oògùn wa ló kú pẹ̀lú ẹ̀! Ẹni tó ń wá oògùn nísinsìnyí, kò sẹ́ni tó máa lè sọ fún un ṣọ́ọ̀bù wa tó ti máa rí i. Àwọn tó ń fi alùpùpù gbé oògùn ò ní mọ ilé tí wọ́n ń lọ.

ỌKỌ: O ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

ÌYÀWÓ: Mo sọ fún ẹni tó yẹ kí n sọ fún. Etí ẹ̀ di.

ỌKỌ: Ó dáa. Ó dà bíi pé ohun tí mo torí ẹ̀ pè ò ní dùn mọ́ ẹ nínú.

ÌYÀWÓ: Kí ni?

ỌKỌ: Nǹkan méjì ni. Èwo ni kí n kọ́kọ́ sọ?

ÌYÀWÓ: Dádì!

ỌKỌ: Ọkùnrin yín tó ń bójú tó ọjà títà, Ọ̀gá Ọjà, èyí tórí ẹ̀ máa ń dán gbinrin —

ÌYÀWÓ: Mo mọ̀ ọ́n. Kí ló ṣe?

ỌKỌ: Ó lọ bá atọ́kùn ètò. Ó ní o ò lè wá, òun lòun máa bá ẹ gba àmì ẹ̀yẹ. Ó ní ó ṣe tán, òun lòun ronú kan system tẹ́ ẹ fi ń wá oògùn, ìwọ kàn bá òun tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ni.

ÌYÀWÓ: Mo kàn bá a — kí ni?

ỌKỌ: Tẹ̀ ẹ́.

[Nǹkan ṣubú gbì.]

ỌKỌ: Ṣé server nìyẹn?

ÌYÀWÓ: Páálí ni. Mo jù ú mọ́ ògiri. Ìkejì ńkọ́?

ỌKỌ: Alága ilé iṣẹ́ yín fẹ́ gbé system náà sójú ògiri ńlá tó ń tàn bíi tẹlifíṣọ̀n níwájú. Ó ní kí gbogbo gbọ̀ngàn yọ fóònù wọn, kí kálukú wá oògùn tó bá wù ú, lẹ́ẹ̀kan náà, kí ayé rí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

ÌYÀWÓ: Gbogbo wọn? Lẹ́ẹ̀kan náà?

ỌKỌ: Ibí sì kún dẹ́nu o.

ÌYÀWÓ: Wọ́n á pa á! Dádì, ẹ gbọ́. Kò lè gbé irú ẹrù yẹn báyìí. Ẹ jẹ́ kí n pa àwọn iṣẹ́ tí kò kánjú lórí ẹ̀, kó lè mí díẹ̀. Ìgbà wo ló kàn wá?

ỌKỌ: Lẹ́yìn ẹni tó wà lórí pèpéle yìí. Ó ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti ń parí.

ÌYÀWÓ: Ẹ gbọ́dọ̀ débẹ̀ ṣáájú Ọ̀gá Ọjà. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ máa sọ̀rọ̀. Ẹ má dákẹ́.

ỌKỌ: Ọ̀rọ̀ kí ni?

ÌYÀWÓ: Ohunkóhun! Ẹ fà á gùn. Ẹ ṣe é bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe fún oníbàárà tó bá ń kánjú.

ỌKỌ: Ṣé ìyẹn ni? Ọkọ ìyàwó kan jókòó sórí àga mi rí lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ̀. Ìyàwó ló wá fà á dìde.

ÌYÀWÓ: Ẹ má pa fóònù. Ẹ fi sápò àyà, kí n máa gbọ́ yín. Tó bá ti —

[Àtẹ́wọ́ rẹpẹtẹ.]

ATỌ́KÙN: [lọ́ọ̀ọ́kán, nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn] Àmì ẹ̀yẹ tó kàn ni ti Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà tó fi ọgbọ́n tuntun gbé òwò ga jù lọ lọ́dún yìí! Ẹni tí yóò bá wọn gbà á —

ỌKỌ: Ó ti dìde o! Ó ti ń gba àárín bọ̀!

ÌYÀWÓ: Ẹ sáré!

ỌKỌ: Kóòtù ò jẹ́ —

ÌYÀWÓ: Ẹ bọ́ ọ!

[Aṣọ ya fàà. Ẹsẹ̀ ń lù kìkì lórí pátákó.]

ỌKỌ: [ó ń mí hẹlẹhẹlẹ] Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn ńlá.

Ọ̀GÁ ỌJÀ: Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ̀yin?

ỌKỌ: Ẹ wo káàdì àyà mi, sà. Ẹ lọ jókòó. Ẹ̀yìn orí yín fẹ́ àtúnṣe díẹ̀, ẹ wá bá mi lọ́la, ọ̀fẹ́ ni.

[Ẹ̀rín.]

ÌYÀWÓ: [jẹ́jẹ́] Ẹ máa bá a lọ.

ỌKỌ: Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi kọ́ ni ẹni tẹ́ ẹ rò. Onígbàjámọ̀ ni mí. Ìyàwó mi lẹ fẹ́ fún ní nǹkan yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ọ̀rọ̀ mi nípa cloud sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́.

[Ẹ̀rín ńlá.]

ỌKỌ: Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ojú ló ń dun màmá mi. Dókítà kọ oògùn ojú fún un. A wọ ilé oògùn kan, wọ́n ní ó ti tán. A wọ òmíràn, ó ti tán. Màmá di apá mi mú, òòrùn ń pa wá, a rìn títí bàtà Màmá fi já. Nígbà tá a máa rí oògùn, ibo la ti rí i? Ṣọ́ọ̀bù tó dojú kọ ilé wa! Mo ní kí ló dé tẹ́ ẹ fi jẹ́ kí arúgbó rìn báyìí? Ọmọbìnrin ibẹ̀ ní, "Ẹ ò bi wá."

[Ẹ̀rín.]

ỌKỌ: A délé. Ìyàwó mi ò tiẹ̀ bá wa kẹ́dùn. Inú ló ń bí i. Ó ní nínú gbogbo ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ wọ̀ yẹn, èwo ni kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ wa? Ó ní ọmọ ìyá kan náà, wọn ò mọ ohun tó wà nínú àpò ara wọn. Bó ṣe jókòó ti kọ̀ǹpútà nìyẹn. Èmi ń wẹ ọmọ, èmi ń se oúnjẹ, ọbẹ̀ ń jóná mọ́ mi lọ́wọ́. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngàn yìí bá ní òun lòun ronú kàn án, kó wá júwe ìkòkò tó jóná nílé wa.

[Àtẹ́wọ́. Ẹnì kan ń súfèé.]

ALÁGA: Ó dáa, ó dáa! Ìyàwó yín ọ̀hún dà? Kí ló ń ṣe tó ju èyí lọ?

ỌKỌ: Ó wà nínú àpò mi, sà.

[Ẹ̀rín. Fóònù ń ha aṣọ. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ké híín.]

ỌKỌ: Mọ́mì, ṣé o gbọ́ mi?

ÌYÀWÓ: Mo gbọ́ yín. Ẹ fẹ́ẹ̀ pa mí lẹ́kún. Ẹ máa fà á lọ, ẹ má jẹ́ kí Alága fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọkùnrin yẹn! Mo ní kó ra AC, ó ní afẹ́fẹ́ Ọlọ́run ọ̀fẹ́ ni, kí n ṣí fèrèsé. Yàrá tí ò ní fèrèsé! Ó wá ra àga tuntun fún ara ẹ̀, àga tó ń yí bí òkòtó. Òun ń yí, server ń jóná.

[Ẹ̀rín bú sọ.]

ÌYÀWÓ: Dádì? Ta ló ń rẹ́rìn-ín?

ỌKỌ: Gbogbo ayé. Fóònù wà lẹ́nu ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

ÌYÀWÓ: Yéè. Mo gbé.

ALÁGA: [ó súnmọ́] Ẹ mú fóònù yẹn wá. Hẹ́lò. Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà.

ÌYÀWÓ: Ẹ — ẹ káalẹ́, sà.

ALÁGA: Ẹ káalẹ́. Àga mi ń yí bí kí ni?

ÌYÀWÓ: Bí òkòtó, sà.

[Ẹ̀rín.]

ALÁGA: A máa sọ ìyẹn lọ́fíìsì. Àwọn oníròyìn ti gbé kámẹ́rà sójú mi báyìí. Ọwọ́ mi ti wà lórí bọ́tìnnì. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?

[Fáànù ń hó.]

ÌYÀWÓ: Rárá, sà.

ALÁGA: Mi ò gbọ́. Ohùn yín ń já.

ÌYÀWÓ: Mo ní rárá, sà! Bí gbogbo gbọ̀ngàn bá wọnú ẹ̀ báyìí, ó máa kú. Ìyá kan wà lórí ẹ̀ bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Oògùn asthma ló ń wá, ti ọmọdé. Ẹni tó gbé e ti gun alùpùpù, kò tíì débẹ̀. Bí server bá kú, ọ̀nà á dàrú mọ́ ọn lójú. Ẹ gbé àmì ẹ̀yẹ yẹn fún ẹni tó bá wù yín, sà. Ẹ tiẹ̀ gbé e fún Ọ̀gá Ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ má tẹ̀ ẹ́.



ALÁGA: ...Ẹ pa ògiri yẹn. Mo ní kẹ́ ẹ pa á. Ẹ̀yin èèyàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá fóònù yín padà sápò. Kí ẹnikẹ́ni má wá oògùn o, àfi tí ara ẹ̀ ò bá yá lóòótọ́.

[Ẹ̀rín. Àtẹ́wọ́ ń le sí i.]

ALÁGA: Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà, AC kan á dé lọ́la.

ÌYÀWÓ: Méjì, sà.

ALÁGA: Méjì kẹ̀?

ÌYÀWÓ: Ọ̀kan lè kú, sà.

ALÁGA: Ọ̀gbẹ́ni, ẹ gba fóònù yín kó tó bèèrè àga mi mọ́ ọn.

[Fóònù ń ha nǹkan.]

ỌKỌ: Mọ́mì! Ṣé o gbọ́ mi?

ÌYÀWÓ: Mo gbọ́ yín.

ỌKỌ: Ọmọ yẹn ńkọ́? Ṣé oògùn ẹ̀ ti débẹ̀?

ÌYÀWÓ: Ẹ dúró ná... Ojú kọ̀ǹpútà ṣì ń yí... Ó ti débẹ̀. Ìyá ẹ̀ ti gbà á.

ỌKỌ: Ṣé ó dá ẹ lójú?

ÌYÀWÓ: Ó dá mi lójú. Server pàápàá ti ń tutù díẹ̀díẹ̀.



ỌKỌ: Wọ́n ti gbé nǹkan náà lé mi lọ́wọ́. Dígí ni, ó ń dán yinrin. Ṣùgbọ́n "Ọ̀gbẹ́ni" ni wọ́n fín síwájú ẹ̀.

ÌYÀWÓ: Ọ̀gbẹ́ni?

ỌKỌ: Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀gá Ẹ̀ka Kọ̀ǹpútà. Ṣé kí n dá a padà kí wọ́n lọ tún un ṣe?

ÌYÀWÓ: [ẹ̀rín pọ̀ lẹ́nu ẹ̀] Ṣé ó wúwo?

ỌKỌ: Ó wúwo bí òkúta.

ÌYÀWÓ: Ẹ má dá a padà. Ẹ gbé e wá síbí. Ilẹ̀kùn yàrá yìí kì í dúró, gbogbo ìgbà ló ń pa dé, atẹ́gùn ò ráyè wọlé. Ọ̀gbẹ́ni yẹn ni màá fi dá a dúró.

ỌKỌ: Mò ń bọ̀. Ọ̀gá Ọjà ní kí n dúró, òun fẹ́ dì í mú kí wọ́n ya òun ní fọ́tò. Kí ni kí n sọ fún un?

ÌYÀWÓ: Ẹ ní kó máa tẹ̀ lé yín bọ̀. Ìdí ilẹ̀kùn ló máa ti bá a ya fọ́tò. Kó yáa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, kó bẹ̀rẹ̀ títí imú ẹ̀ á fi —

[Ìpè já.]