Fóònù Mi Yadi Lọ́jọ́ Ìdána Ọmọ Mi

Ọlọ́run tó ń gbọ́ àdúrà tí kò ní ohùn, mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ. Ẹ̀yin ará, ẹ má wojú ara yín. Inú fóònù tí mo gbé sẹ́nu máìkì ni ohùn tí ẹ ń gbọ́ yìí ti ń jáde, ṣùgbọ́n ọpẹ́ inú rẹ̀, tèmi ni. Ilé ni mo ti tẹ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, kí n má bàa dá yín dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí tipẹ́ mọ̀ pé ẹnu mi kì í dákẹ́. Ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ìkẹjà ni mo ti ṣe súpáfáísọ̀, ohùn mi sì máa ń borí ẹ̀rọ. Ni àìsàn ọ̀nà ọ̀fun bá dé. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, mo yè, ohùn lọ. Ó dùn mí o, mi ò ní purọ́. Àbúrò mi ló bá mi wá app kan tí mo lè tẹ ọ̀rọ̀ sí, tí á sì sọ ọ́ jáde ní Yorùbá. Bí mo ṣe tún di elẹ́nu nìyẹn.

Ó wá kan ìdána Dọlápọ̀, ọmọ mi. Bàbá rẹ̀ ti sùn nínú Olúwa, èmi nìkan ló kù tó máa gbọ́wọ́ lé e lórí kó tó lọ sílé ọkọ. Mo ti tẹ àdúrà náà sínú app. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, fóònù ní òun ní update tó máa fi kún ààbò. Ààbò kẹ̀! Èmi tí mo máa ń ṣe Àmín sí ohunkóhun tó bá ti jẹ mọ́ ààbò, mo tẹ̀ ẹ́. Fóònù kú, ó jí. Mo ṣí app mi, ó ṣí, ó tún pa ara rẹ̀ dé. Mo tún ṣí i, bákan náà ni. Jésù!

Sister kan ní iṣẹ́ ayé ni, ó ti ń ṣí ìgò òróró. Mo yára gbé fóònù mi pamọ́. Sister, ẹ má bínú, ma, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Àbúrò mi sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Ìkẹjà. Ẹni tó wò ó níbẹ̀ ní kò sẹ́ni tó ṣe mí. Ó ní app yẹn ti ní àléébù látìbẹ̀rẹ̀, fóònù ló ń gbójú fò ó. Bí ayálégbé tí kò ní kọ́kọ́rọ́ ni, tó kàn máa ń ti ilẹ̀kùn wọlé torí pé àgádágodo onílé ti bàjẹ́. Onílé wá tún un ṣe nítorí olè, ayálégbé bá sun ìta. Ó ní àfi kí ẹni tó ṣe app náà fúnra rẹ̀ tún un ṣe.

Àwọn àna sì ti jókòó. Pásítọ̀ ní àwọn á bá mi gbàdúrà náà, mo mi orí. Mo gbọ́wọ́ lé ọmọ mi lórí, mo ń la ẹnu lásán, omijé ń dà. Mo ní nínú mi pé, Bàbá, Ìwọ lo mọ̀.

Dọlápọ̀ bá gbójú sókè, ó ń wo ẹnu mi. Ó ní, "Màámi ní Ọlọ́run tó gbé wọn ró kò ní fi mí sílẹ̀." Háà! Àdúrà tí mo máa ń gbà lé e lórí kó tó lọ síléèwé ní Ọgbà ni, ó mọ̀ ọ́n látòkè délẹ̀. Ẹnu mi ń mì, ohùn rẹ̀ ń jáde. Àwọn àna ń ké Àmín, Alhaja aládùúgbò wa náà ń ké Àmín.

Ẹni tó ṣe app náà ti tún un ṣe. Kí Olúwa bù kún un, kó bù kún àwọn tó ṣe update náà. Kò sí ọ̀tá kankan níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó ku nǹkan kan. Dọlápọ̀, dìde, ọmọ mi. Ìwọ lo ń gbàdúrà lọ́jọ́ yẹn, o ò ráyè ṣe Àmín. Ọlọ́run tó gbé mi ró kò ní fi ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ohùn rẹ kò bá jáde, ìwọ náà á rí ọmọ tó máa gbẹnu sọ fún ọ.

Ẹ̀yin ará, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ ké halelúyà. Ẹ máa ké e, ẹ bá mi yọ̀ dọ́ba. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ Àmín tirẹ̀.