Ohùn Tí Kì Í Mí

Nínú tasí tó ń gbé wa láti Bantè lọ sí Savalou ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan àti ìyá àgbà tó jókòó tì í.

"Fíìmù tuntun kan ti bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, màmá. Tí wọ́n bá pa èèyàn, àwọn ọlọ́pàá á fi ẹ̀rọ jí ohùn rẹ̀, wọn á bi í pé ta ló pa á. Apá méjì péré ni mo tíì wò, mi ò sì fẹ́ dá sùn mọ́."

"Ṣé ohùn yẹn máa ń mí?"

"Kó mí báwo, màmá?"

"Àbúrò mi fi ohùn ránṣẹ́ sí fóònù mi láàárọ̀ ọjọ́ tó kú. Ó mí kó tó pe orúkọ mi. Ohùn tí kò bá mí, kì í ṣe ẹni tó kú ló ń sọ̀rọ̀."

Ọmọbìnrin náà ronú díẹ̀. "Kì í mí," ló wí. "Ohùn obìnrin tí wọ́n pa sì ti dárúkọ ọkọ rẹ̀. Wọ́n ti mú ọkùnrin náà."

Ìyá náà yọ fóònù rẹ̀, ó tan ohùn àbúrò rẹ̀, ó gbé e sí ọmọbìnrin náà létí. Nígbà tí ọmọbìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà, kò sì sọ̀rọ̀ fíìmù mọ́ títí a fi dé Savalou.