Tíṣà, Ẹ Pa Rédíò Yẹn

Àwọn tó ń sọ̀rọ̀: AKÉRÉ, ọmọbìnrin tó ń kọ́ fayolíìnì nílé ẹ̀kọ́ orin ńlá kan, ó dúró sórí àtẹ̀gùn lẹ́yìn yàrá ìdánrawò, àti TÍṢÀ, ẹni tó kọ́kọ́ fi fayolíìnì lé e lọ́wọ́ nígbà tó wà ní kékeré, òun wà nílé rẹ̀. Akéréfinúṣọgbọ́n ni Tíṣà sọ ọ́. Ẹnu àwọn èèyàn ló gé e kúrú.

[Fóònù ń dún. Wọ́n gbé e.]

AKÉRÉ: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà! Tíṣà, ẹ kú ilé o, ẹ kú—

TÍṢÀ: Akéréfinúṣọgbọ́n! Ẹ̀mí ẹ á gùn! À ń dárúkọ ẹ lọ́wọ́ báyìí ni.

AKÉRÉ: Àmín, sà. Màmá ńkọ́? Ara yín ńkọ́? Iná ńkọ́, ṣé iná wà?

TÍṢÀ: Iná wà dáadáa.

AKÉRÉ: Ó wà?

TÍṢÀ: Ṣé kò yẹ kó wà ni? Bí wọ́n bá tiẹ̀ mú un lọ, mo ti ra bátìrì tuntun sí rédíò. Kò séwu.

AKÉRÉ: [rọra] Mo gbé.

TÍṢÀ: Kí lo wí? Ṣé o gbọ́ mi?

AKÉRÉ: Mò ń gbọ́ yín, sà. Ẹ̀yin àti ta ni ẹ jọ wà níbẹ̀?

TÍṢÀ: Gbogbo wa! Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ti kún pálọ̀, wọ́n gbé fayolíìnì wọn dání bí ẹni fẹ́ ṣèdánwò. Àwọn òbí wọn wá. Lándílọ́ọ̀dù tó máa ń ní orin wa ò jẹ́ kóun sùn, òun ló jókòó sórí àga tó dáa jù! [Ó rẹ́rìn-ín.] Èmi fúnra mi, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, mo de táì.

AKÉRÉ: Ẹ de táì láti gbọ́ rédíò?

TÍṢÀ: Táì ìgbéyàwó mi! Ìyàwó mi, Màmá ẹ, ń bú mi. Mo ní kó fi mí sílẹ̀, ọjọ́ wo lọmọ mi tún fẹ́ dárúkọ mi lórí afẹ́fẹ́? Dúró, jẹ́ kí n gbé ẹ sí loudspeaker kí wọ́n kí ẹ—

AKÉRÉ: Rárá! Ẹ má gbé mi sí loudspeaker! Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bọ́ síta díẹ̀. Ẹ̀yin nìkan.

TÍṢÀ: Ṣé kò sí nǹkan?

AKÉRÉ: Ẹ ṣáà bọ́ síta.

[Ìró ẹsẹ̀. Ilẹ̀kùn. Ariwo àwọn ọmọ lọ sílẹ̀.]

TÍṢÀ: Mo ti wà ní kọ́rídọ̀. Ara ẹ ò yá ni?

AKÉRÉ: Ara mi yá. Ètò rédíò tí wọ́n gbà sílẹ̀ lẹ́nu wa yẹn ni, sà. Kò fi bẹ́ẹ̀ dùn. Àlàyé ṣá ni, it's boring, I swear. Mo ní kẹ́ ẹ má wulẹ̀ gbọ́ ọ. Tí mo bá gba ìsinmi, màá wá ṣeré fáwọn ọmọ yẹn fúnra mi. Ẹ máa kọ́ wọn ní scale, dò-rè-mí yẹn, báyìí.

TÍṢÀ: Scale kẹ̀! Kí n lé lándílọ́ọ̀dù dìde lórí àga, kí n ní kó wá gbọ́ scale?

AKÉRÉ: Tíṣà—

TÍṢÀ: Akéré, èmi ni mo kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń dúró níwájú èrò. Mo mọ ohùn ẹ tí ẹ̀rù bá ń bà ẹ́. Ṣé o ṣi ọ̀rọ̀ sọ ni? Kò burú, gbogbo èèyàn ló ń—

AKÉRÉ: Kì í ṣe àṣìsọ. [Lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan ń tẹ dùùrù nínú yàrá.] Wọ́n bi wá pé ìmọ̀ràn wo la ní fáwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

TÍṢÀ: Ìbéèrè tó dáa nìyẹn.

AKÉRÉ: Àwọn méjì tá a jọ lọ sílé rédíò, ilé ńlá ni wọ́n ti wá. Ọ̀kan ní inú ìyá òun lòun ti ń gbọ́ dùùrù. Wọ́n ń ka orúkọ olùkọ́ wọn bí ẹni ń ki oríkì. Ó wá kàn mí. Mo wá—

[Ariwo lórí fóònù.]

TÍṢÀ: Ò ń já. Ṣé o gbọ́ mi?

AKÉRÉ: Mo sọ pé ẹ ba ọwọ́ mi jẹ́.

TÍṢÀ: Hẹ̀n? Kí ló bàjẹ́?

AKÉRÉ: [kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́] Ẹ ba ọwọ́ mi jẹ́.

TÍṢÀ: Mi ò gbọ́ o! Ọwọ́ ẹ ṣe kí ni? Ṣé o fara pa ni? Gbóhùn sókè!

AKÉRÉ: [pariwo] Mo sọ lórí rédíò pé Tíṣà ba ọwọ́ mi jẹ́!

[Dùùrù dákẹ́. Ilẹ̀kùn kan ṣí, ó tún rọra padé.]

AKÉRÉ: Sà? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

TÍṢÀ: Mo gbọ́.

AKÉRÉ: Tíṣà, mo—

TÍṢÀ: Sọ ọ́ bó o ṣe sọ ọ́ fún wọn.

AKÉRÉ: Ẹ jọ̀ọ́, sà.

TÍṢÀ: Àwọn tó wà ní pálọ̀ ò ní pẹ́ gbọ́ ọ. Jẹ́ kí èmi kọ́kọ́ gbọ́.

AKÉRÉ: Mo ní... kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ò mọ̀ ọ́n. Mo ní ẹnì kan wà nílé, Tíṣà là ń pè é, bí ẹni gbé àwo oúnjẹ ló ṣe kọ́ mi láti di fayolíìnì mú, gbogbo àtẹ́lẹwọ́ lábẹ́ ọrùn ẹ̀. Mo ní mo fi ọdún kan gbáko tú ohun tó dì. Olóòtú rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

TÍṢÀ: Ìwọ ńkọ́?

AKÉRÉ: Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

TÍṢÀ: Hmm. O dárúkọ mi lóòótọ́.

AKÉRÉ: Ojú ń tì mí, sà. Ojú ń tì mí gan-an ni. Mo padà lọ bẹ olóòtú pé kó yọ ọ́, ó ní ibẹ̀ ló dùn jù nínú ètò náà. Ẹyin lohùn, ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ ṣáà pa rédíò yẹn. Ẹ sọ fún wọn pé ó ti bàjẹ́—

TÍṢÀ: Ṣé irọ́ ni?

AKÉRÉ: Sà?

TÍṢÀ: Ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn. Ṣé irọ́ lo pa mọ́ mi?

AKÉRÉ: Kì í ṣe irọ́.

TÍṢÀ: Ẹ̀n-ẹ́n.

AKÉRÉ: Tí àtẹ́lẹwọ́ bá lẹ̀ mọ́ ọn, ọwọ́ ò lè gòkè. Tórin bá ti débi ohùn tín-ín-rín, ńṣe ló ń há. Lọ́jọ́ tí mo débí, mi ò tíì ta fayolíìnì dé ìdajì orin mi tí olùkọ́ àgbà fi dá mi dúró. Ó ní ta ló so mí lọ́wọ́.

TÍṢÀ: Fayolíìnì tí mo fi kọ́ṣẹ́, ibi tí àgbọ̀n ń sinmi lé ti já kúrò lára ẹ̀ kó tó dọ́dọ̀ mi. Tí mi ò bá fi àtẹ́lẹwọ́ gbé e, á já bọ́. Bó ṣe mọ́ mi lára nìyẹn. Mo rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é ni.

AKÉRÉ: Ẹ ò sọ fún mi rí.

TÍṢÀ: Ìgbà wo ni wọ́n tú ọwọ́ ẹ?

AKÉRÉ: Ọdún tí mo wọlé síbí.

TÍṢÀ: Àtìgbà yẹn, ò ń pè mí. Ò ń kí mi, ò ń kí Màmá, ò ń béèrè oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Ọ̀rọ̀ yìí nìkan ni ò ráyè wọlé?

AKÉRÉ: Mi ò fẹ́ dójú tì yín.

TÍṢÀ: O ò fẹ́ dójú tì mí. Akéréfinúṣọgbọ́n! Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ìwọ jìn, o jáde, o dákẹ́, ò ń wò wá. Àwọn ọmọ tó wà ní pálọ̀ yìí, báwo lo rò pé mo ṣe kọ́ wọn?

AKÉRÉ: Yéè.

TÍṢÀ: Tiwọn níbi ìsinmi àgbọ̀n o, tuntun ni. Mo ṣì ní kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ gbé e. Mo tún máa ń sọ fún wọn pé, "Ẹ dì í mú bíi ti ẹ̀gbọ́n yín."

AKÉRÉ: Ẹ má bínú, sà. Ẹ forí jì mí.

[Ohùn obìnrin láti ọ̀ọ́kán: "Bàbá! Wọ́n ti dárúkọ ẹ̀ o! Ẹ máa bọ̀!"]

AKÉRÉ: Ó ti bẹ̀rẹ̀? Tíṣà, ẹ pa á, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín—

TÍṢÀ: Kò sẹ́ni tó máa pa á. Ojú á tì mí, ìyẹn ò ní pa mí. Èyí tó dùn mí ni pé olóòtú gbọ́ ọ ṣáájú mi. [Okùn fayolíìnì ró.] Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn gbàgbé tiẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì níbí. Ó ti wà léjìká mi. Óyá, kọ́ mi.

AKÉRÉ: Sà?

TÍṢÀ: Tí wọ́n bá jáde wá bá mi, kí ni mo fẹ́ fi han àwọn ọmọ yẹn? Táì? Ọwọ́ yìí, báwo ni kí n ṣe é?

AKÉRÉ: [ń sunkún] Ẹ fi àgbọ̀n... ẹ fi àgbọ̀n dì í mú. Ẹ jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ yín nàró. Kí àtẹ́lẹwọ́ kúrò lábẹ́ ẹ̀, kí àlàfo wà níbẹ̀—

TÍṢÀ: Ó fẹ́ já bọ́.

AKÉRÉ: Kò ní já bọ́, sà. Ẹ̀rù ló ń bà yín. Ẹ fi sílẹ̀.

[Láti pálọ̀: ohùn Akéré nínú rédíò, lẹ́yìn náà ẹ̀rín rẹ̀. Àwọn ọmọ inú pálọ̀ bá a rẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà kan ní, "Ẹ dákẹ́!" Gbogbo wọn dákẹ́.]

AKÉRÉ: Tíṣà... Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́—

TÍṢÀ: Má sunkún sí mi létí. Àtàǹpàkò ńkọ́?

AKÉRÉ: Ẹ jẹ́ kó— [ariwo]

TÍṢÀ: Mi ò gbọ́. Ṣé o gbọ́ mi? Wọ́n ti ń ṣílẹ̀kùn. Àtàǹpàkò, Akéré, ibo ni kí n gbé e—

[Ìpè já.]